Ẹ́ńjìnì Benz 280 SL ọdún 1970 ń dún kò-kò-kò: kí n tún un ṣe, àbí kí n gbé òmíràn sí i?

Àkàndé_Súúlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ra Mercedes-Benz 280 SL kan, ti ọdún 1970, lọ́wọ́ ìdílé kan ní Ìkòyí. Ara rẹ̀ ṣì le, ìpẹtà díẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, àga inú rẹ̀ kò ya. Ẹ́ńjìnì ló ń dà mí láàmú. Bó bá tutù, jẹ́jẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti gbóná, pàápàá tí mo bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland, abẹ́rẹ́ tó ń wọn agbára ọ́ìlì á já wálẹ̀, mo á sì máa gbọ́ kò-kò-kò nísàlẹ̀. Èéfín búlúù náà ń tú lẹ́yìn.

Mẹkáníìkì mi ní Ojúẹlẹ́gbà ní ó ti nọ́ọ̀kì, ká gbé òmíràn sí i, kò sí ẹjọ́ mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí: kí n tún un ṣe níbí, kí n ra àlòkù irú rẹ̀ láti Jámánì (ẹnì kan ń bèèrè 5,000 yúrò, kò sí pọ́ǹpù ínjẹ́kṣọ̀n tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì lára rẹ̀ o), tàbí kí n gbé ẹ́ńjìnì Benz mìíràn wọnú rẹ̀. Mílíọ̀nù 15 náírà ni mo yà sọ́tọ̀ fún ẹ́ńjìnì nìkan.

Ẹni tó bá ti náwó sí irú nǹkan báyìí, ẹ jọ̀ọ́, èló ló ná yín? Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé "ó wọ́n". Iye ni mo fẹ́ gbọ́.

Ọmọ_Ládípọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi owó yín ra ìsinmi. Ẹ́ńjìnì M104, 3.2, tó wà nínú E320 àti S320, kò ṣọ̀wọ́n ní Ládípọ̀. Tòkunbọ̀ ni, wọ́n á tan án kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún kí ẹ tó sanwó. Tẹ̀yin ti gíábọ́ọ̀sì, wáyà àti kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò lè jẹ ìdajì owó tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn. Agbára rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ò sì ṣòro rí. Ta ló fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín wò?

Bàbá_Págódà

@Ọmọ_Ládípọ̀ Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ló máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọmọ mi. Ibẹ̀ gan-an ló máa kọ́kọ́ yà sí.

Àkàndé, káàbọ̀. Irú ọkọ̀ tìrẹ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí wàá fi ṣèpinnu. 280 SL tí Mercedes ṣe, láti ìparí ọdún 1967 títí di 1971, gbogbo rẹ̀ kò ju 23,885 lọ. Lókè òkun lónìí, èyí tó bá mọ́ dáadáa ń kọjá 60,000 dọ́là. Ọ̀kan nínú ohun tó ń gbé e dé iye yẹn ni pé kí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára búlọ́ọ̀kù bá èyí tó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ mu. Tìrẹ yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 130.983. Fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì nù ún, kí o ya fọ́tò rẹ̀, kí o tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà kàn án. Bó bá bá ìwé mu, owó ń bẹ nínú irin yẹn, bó ti wù kó bàjẹ́ tó.

Ìkejì, ṣọ́ra fún orúkọ yìí, "280". Lọ bá ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnì àlòkù ní Èkó, kí o ní ẹ́ńjìnì Benz 280 lò ń wá, M110 ló máa gbé jáde fún ọ. Èyí tó ní káámù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) méjì lórí nìyẹn, 2,746 cc, tó wà nínú 280 E àti 280 SE tí àwọn ọ̀gá ń gùn láyé Ṣàgàrí. M130 ni tìrẹ: káámù kan, 2,778 cc, agbára ẹṣin 170. Tọ́ọ̀pù wọn, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, ò bára mu, písítìn wọn ò bára mu, gásíkẹ̀ẹ̀tì wọn ò bára mu. Èèyàn lè ra gbogbo páàtì ọ̀kan tán kó tó mọ̀ pé èkejì ló wà nílé.

Bí o bá fẹ́ ra àlòkù lóòótọ́, èyí tó sún mọ́ tìrẹ jù ni M130 inú 280 SE ìran W108, ọkọ̀ ńlá onílẹ̀kùn mẹ́rin tí wọ́n ṣe lákòókò kan náà. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ àti kíráńkì rẹ̀ (ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí) á wúlò fún ọ. Ṣùgbọ́n agbára ẹṣin 160 ni ti SE yẹn. Káámù rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe to pọ́ǹpù rẹ̀ yàtọ̀, wàá sì gbé tìrẹ sí i. Ọkùnrin Jámánì tó ń bèèrè 5,000 yúrò yẹn, bi í ní nọ́ńbà. Bó bá jẹ́ 130.980 ló kọ síbẹ̀, SE ló ń tà fún ọ, owó SL ló sì ń gbà.

Ọmọ_Ládípọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun, àgbà yín ò ní dòfo. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ra ọkọ̀ kọ́ ló fẹ́ tà á. Ẹni tó fẹ́ máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́? A ò ní gé nǹkan kan lára rẹ̀. Bóòtù la máa fi dè é, búlọ́ọ̀kù àtijọ́ á wà nílé nínú ọ́ìlì.

TọnaMátórí

Kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé M104 sínú ọkọ̀ yẹn tí wọn ò ní gé irin. Àwo ọ́ìlì rẹ̀ máa kan irin ìdábùú iwájú, wọ́n á jó ibi tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, wọ́n á tún wá ibi tí rédíétọ̀ ńlá máa gbà. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é. Ó ṣeé ṣe, ó sì dára bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ṣe é, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má pè é ní "bóòtù nìkan".

Ọ̀rọ̀ tèmi ni pé: ta ló ti ṣí ẹ́ńjìnì yìí? Kò sẹ́ni. Ẹ ti ń ra, ẹ ti ń tà, irin ṣì wà nínú ọkọ̀. Ariwo ìsàlẹ̀ àti ọ́ìlì tó ń já wálẹ̀ sábà máa ń jẹ́ bẹ́árìn. Kí ẹ́ńjìnì náà tó kú pátá, ẹ má tan án mọ́. Gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi gbọ́ kò-kò-kò yẹn, kíráńkì lẹ fi ń jẹ.

Èéfín náà, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó ṣí i. Bó bá jẹ́ pé nígbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ padà ló ń tú bùù, gáìdì fáàfù àti rọ́bà orí rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ti ń fà á gun orí afárá ni, ríìngì àti písítìn ni. Ìkínní kò gbówó lórí, ìkejì gbówó.

Tí ẹ bá ti tú u, ohun tí ẹ máa ní kí wọ́n wọ̀n fún yín rèé: ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ní òkè, ní àárín, ní ìsàlẹ̀, ní ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ihò tó bá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan, a máa fá a. 86.5 mm ni ihò ẹ́ńjìnì yẹn nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́. Òbáṣáìsì rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn písítìn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, máa gbé e dé 87. Kíráńkì náà, kí wọ́n fi ìyẹ̀fun òòfà wò ó bóyá ó sán, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Lílọ̀ kíráńkì tó ti sán, owó sínú kànga ni.

Owó iṣẹ́ tèmi: fífá ihò kan, 30,000. Lílọ̀ kíráńkì, 180,000. Fífá ojú tọ́ọ̀pù àti dídán an wò nínú omi gbígbóná, 120,000. Àwọn tó kéré jù bẹ́ẹ̀ wà ní Mùṣin níbí, àwọn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ náà wà. Ẹni tí kò bá ní gééjì tó ń wọ̀n inú ihò, tó bá fi ìka wọ̀n ọ́n tó ní "ó ṣì dáa", ẹ gbé irin yín kúrò níbẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fá búlọ́ọ̀kù kí písítìn tó dé. Písítìn ni a máa kọ́kọ́ wọ̀n, lẹ́yìn náà la ó fá ihò kọ̀ọ̀kan bá písítìn tirẹ̀ mu.

Kọ́lá_MGB

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi dá yín lára yá díẹ̀. MGB ni tèmi, 1,798 cc, oníbẹ́árìn 5. Gbogbo páàtì tí mo fi tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe, písítìn, bẹ́árìn, káámù, ṣéènì, gásíkẹ̀ẹ̀tì, pọ́ǹpù ọ́ìlì, kò tó 1,500 pọ́n-ùn, nítorí pé ní Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ṣì ń ṣe gbogbo rẹ̀ ní tuntun. Iṣẹ́ ẹ̀rọ, Ṣómólú ni mo ti ṣe é.

Ohun kan tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé: bẹntiróòlù ayé ìsinsìnyí kò ní òjé nínú mọ́. Ibi tí fáàfù ń jókòó lé á jẹ tán. Ẹ rí i pé wọ́n fi irin líle síbẹ̀ nígbà tí tọ́ọ̀pù bá wà nílẹ̀.

Bàbá_Págódà

@Kọ́lá_MGB Òótọ́ nìyẹn fún MGB, nítorí irin dúdú ni tọ́ọ̀pù rẹ̀, ara irin náà ni wọ́n gbẹ́ ìjókòó fáàfù sí. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù Benz yìí, irin líle ni wọ́n ti fi ṣe ìjókòó fáàfù rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Kó má lọ ná owó síbẹ̀ lásán.

Bẹntiróòlù á dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀ fún un. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, 9.5 sí 1 ni ìfúnpọ̀ rẹ̀, epo tó dára ju èyí tí à ń rà nílé epo wa ló sì ń béèrè. Bí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, bá ń fá tọ́ọ̀pù léraléra, ìfúnpọ̀ yẹn á tún pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnì á sì máa dún ṣá-ṣá-ṣá bó bá ń fa ẹrù. Ìwé iṣẹ́ sọ iye tí tọ́ọ̀pù kò gbọdọ̀ kéré sí. Bó bá ti dé ibẹ̀, tọ́ọ̀pù mìíràn ni. Bí tọ́ọ̀pù bá sì ti fẹ́lẹ́ jù, ṣéènì á gùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, káámù á máa pẹ́ dé.

Afẹ́fẹ́Nìkan

Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún Benz, ẹ wá wo ti wa. Porsche 911 SC, 3.0. Kò sí omi, kò sí rédíétọ̀, ẹnu afẹ́fẹ́ la fi ń yè. Lókè òkun, títún ẹ́ńjìnì yìí ṣe láti ìpìlẹ̀ ń lọ láàárín 20,000 sí 30,000 dọ́là. Ní ti àwọn bóòtù gígùn tó di tọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀, ọ̀kan lè kán nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́jẹ́ nínú gáréèjì, kí ẹ tó mọ̀ ọ́n á ti ń jò. Búlọ́ọ̀kù kan tí tọ́nà Mátórí lè wọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ fi ìyìn fún Ọlọ́run. Mílíọ̀nù 15 tó, bí ẹ bá mọ ọwọ́ yín í mú.

SìsíÈbúté

Ẹ̀gbọ́n, páàtì ọkọ̀ àtijọ́ ni mo ń bá àwọn èèyàn kó wọlé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sí i, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti bèèrè. Iye tí mo ń rà á nìyí, kò sí owó ọkọ̀ òfúrufú nínú rẹ̀.

Písítìn mẹ́fà pẹ̀lú ríìngì, tó bá jẹ́ ti àwọn tó ń ṣe é fún Mercedes gan-an: 1,600 sí 2,200 dọ́là. Bẹ́árìn ńlá àti kékeré fún kíráńkì: nǹkan bí 500. Gásíkẹ̀ẹ̀tì gbogbo ara ẹ́ńjìnì: 300. Ṣéènì, àwọn ìdè rẹ̀ àti ohun tó ń tì í: 350. Fáàfù, gáìdì àti rọ́bà rẹ̀: 600. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo rẹ̀ ní 3,750. Bí a bá fi 1,500 náírà ṣírò dọ́là kan, mílíọ̀nù 5 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 625 nìyẹn.

Ohun tó fúyẹ́ tó gbówó lórí, bíi písítìn àti bẹ́árìn, ẹ fi ọkọ̀ òfúrufú gbé e. Ohun tó wúwo, ẹ jẹ́ kó gba orí omi wá. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ nọ́ńbà páàtì kọ̀ọ̀kan sórí ríṣíìtì, kí iye tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ iye tí ẹ san. Àwọn tó ń ní "kọ 50 dọ́là síbẹ̀, kó lè yá", àwọn náà ni ẹrù wọn ń pẹ́ jù ní pọ́ọ̀tù.

Ẹnì kan máa wá sọ fún yín pé kí ẹ ra odindi ọkọ̀ 280 SE kan láti Amẹ́ríkà kí ẹ tú u. Ẹ má gbọ́. Kọ́sítọ̀ọ̀mù kò gba ọkọ̀ àlòkù tó ti dàgbà jù wọlé, ti ọdún 1970 sì ti dàgbà kọjá bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n tú sílẹ̀ ni kó wá, pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

Kálíbréṣọ̀n_Àpápá

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, kò sẹ́ni tó béèrè ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ yọ irin tí ẹ fi ń wọn ọ́ìlì jáde, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ṣé ó ń rùn bíi bẹntiróòlù?

Ìdí tí mo fi bèèrè: pọ́ǹpù ínjẹ́kṣọ̀n Bosch tó wà lára ọkọ̀ yẹn, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló fi ń mú kí irin inú rẹ̀ máa yọ̀. Àwọn pọ́lọ́ńjà mẹ́fà, irin kéékèèké tó ń ti epo jáde, ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ, bẹntiróòlù á máa gba ẹ̀gbẹ́ wọn sọ̀kalẹ̀ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì á fẹ́lẹ́, bẹ́árìn á jẹ. Ẹ lè tún ẹ́ńjìnì náà ṣe di tuntun, bí ẹ ò bá ṣe pọ́ǹpù, ẹ máa tún padà síbi kan náà.

Mo ń ṣe ti díísù àwọn tírélà, inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Ẹ gbé e wá.

Bàbá_Págódà

@Kálíbréṣọ̀n_Àpápá Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo kí ọ. Ṣùgbọ́n ibi tí o parí sí ni mo ti yà. Pọ́ǹpù díísù ń gba epo tó ń yọ̀. Bẹntiróòlù kò yọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì fi wà nínú rẹ̀. Nínú ti Benz yìí, irin kan tó dà bíi kóńsó ń yí, ó sì ń lọ ó ń bọ̀, kó lè mọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń sáré àti bí ẹsẹ̀ ṣe wà lórí ìtẹ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ mìíràn wà lórí rẹ̀ fún òtútù, òmíràn fún bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo. Ẹni tí kò ní ìwọ̀n tí Bosch kọ fún ọkọ̀ yẹn gan-an, tí kò sì ní tábìlì tó ń dán bẹntiróòlù wò, kò lè tò ó.

Kálíbréṣọ̀n_Àpápá

Bàbá, mo gbà lórí títò rẹ̀. Mi ò gbà lórí ṣíṣí. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù tí wọ́n ní ó ti kú, bẹntiróòlù tó ti gbẹ nínú rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, nítorí ọkọ̀ ti dúró lójú kan fún ọdún. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ fi sùúrù yí i, á dá sílẹ̀. Ṣé owó oko òyìnbó lẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn san lórí ohun tó kàn há?

Bàbá_Págódà

Bó bá há, òótọ́ ni. Bó bá ń jò sínú ọ́ìlì, rírẹ kọ́ ló máa ṣe é, àwọn pọ́lọ́ńjà yẹn ti jẹ. Ká dúró de ẹni tó ní ọkọ̀.

Ghia_Yaba

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, Karmann Ghia ni tèmi, ẹ́ńjìnì Beetle ló wà nínú rẹ̀. Volkswagen to Beetle pọ̀ ní ojú ọ̀nà Badagry láti 1975, nítorí náà bàbá àgbàlagbà tó lè tú ẹ́ńjìnì mi lójú dídì ṣì ń bẹ ní gbogbo àdúgbò. Bí ẹ bá fẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní pa yín, ẹ mọ ibi tí ẹ máa gbà. Mo ti lọ o.

Àkàndé_Súúlérè

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. @Ghia_Yaba, ẹ̀rín pa mí.

Ìròyìn rèé. Ọ́ìlì ń rùn bíi bẹntiróòlù, ó sì ga ju àmì òkè lọ láìjẹ́ pé mo fi kún un. A ti gbé ẹ́ńjìnì sọ̀kalẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ bá ìwé mu, 130.983 ló bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà kan tó ní gééjì: ihò ìkarùn-ún ti fẹ̀ ní 0.14 mm, ìkẹfà 0.11, àwọn yòókù kò tó 0.08. Kíráńkì kò sán, ṣùgbọ́n ibi méjì ti ha lára rẹ̀. Ojú tọ́ọ̀pù tẹ́, kò sì jò nínú omi. Gáìdì fáàfù ìgbéfínjáde ti jẹ.

Ọkùnrin Jámánì náà fi fọ́tò ránṣẹ́. 130.980. Mo ti kí i pé ó dàbọ̀.

Ìbéèrè mi kù méjì. Tọ́nà ní kí a fi sílíìfù (irin róbótó tí wọ́n ń tì bọ inú ihò tó ti fẹ̀) sí ihò karùn-ún àti ìkẹfà nìkan, kí a má fá àwọn yòókù, ká lè lo písítìn àtijọ́ mẹ́rin. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ìkejì, kí ni kí n ṣe sí pọ́ǹpù?

TọnaMátórí

Rárá sí ìkínní. Kì í ṣe pé sílíìfù burú, èmi náà ń fi sí i lójoojúmọ́. Búlọ́ọ̀kù M130 ni kò fẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé 2.8, ihò rẹ̀ sún mọ́ra wọn, omi kò kọjá láàárín àwọn kan mọ́. Kí ẹ tún wá gbẹ́ ibẹ̀ sí i fún sílíìfù, ẹ ń wá wàhálà. Sílíìfù ni ibi ìsádi ìkẹyìn, bí 87 kò bá tó mọ́. Ẹ fá gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé 87, kí ẹ ra písítìn tuntun mẹ́fà. Písítìn àtijọ́ mẹ́rin pẹ̀lú tuntun méjì, ìwọ̀n wọn ò ní dọ́gba, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n.

Kíráńkì: 0.25 mm ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti lọ̀ kúrò. Bí ojú ibi tó ha náà kò bá lọ, ìgbà yẹn ni kí wọ́n lọ sí 0.50. Kí ẹ tó ra bẹ́árìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ̀ ọ́ tán kí ẹ mọ èwo. Ẹ sì ní kí wọ́n yọ àwọn ìdè tó dí ọ̀nà ọ́ìlì inú búlọ́ọ̀kù àti kíráńkì, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn fọ inú rẹ̀. Ìdọ̀tí irin tó jẹ kúrò lára bẹ́árìn wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá yọ ọ́, ó kàn fọ ìta ni.

Nígbà tí búlọ́ọ̀kù bá ti délé lẹ́yìn fífá, ẹ fi ọ́ìlì pa gbogbo inú ihò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e. Afẹ́fẹ́ Èkó yìí, pàápàá fún ẹni tó bá ń gbé etí omi, ọ̀sán kan ló fi ń mú ìpẹtà jáde.

Bàbá_Págódà

Ní ti pọ́ǹpù: ó ń jò, fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, sọ́dọ̀ ẹni tó ní tábìlì Bosch. Mú 3,000 dọ́là lọ́kàn. Kálíbréṣọ̀n, o ṣeun, ìwọ lo gbà á là. Bí Àkàndé bá ti kó ẹ́ńjìnì jọ kí o tó béèrè, bẹ́árìn tuntun á tún lọ.

Àkàndé, ìṣirò tìrẹ báyìí: páàtì tí Sìsí kà, 5.6 mílíọ̀nù. Pọ́ǹpù, 4.5. Iṣẹ́ ẹ̀rọ, bí 800,000 títí dé mílíọ̀nù kan, pẹ̀lú owó ẹni tó máa tò ó pọ̀. Ẹrù wíwọlé àti àwọn tó ń kó o jáde ní pọ́ọ̀tù, 1.2. Pọ́ǹpù omi, okùn omi, rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, pọ́ọ̀gì, wáyà iná, wíwẹ rédíétọ̀, 1.2. Mílíọ̀nù 13 àti ààbọ̀. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tó kù, má fi ọwọ́ kàn án, ó ti ní orúkọ: gíábọ́ọ̀sì rẹ ò tíì sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tó bá jókòó, omi kánga tàbí píọ̀ wọ́tà kò gbọ́dọ̀ wọ rédíétọ̀ rẹ. Kúláǹtì ni, nítorí alumíníọ̀mù wà lókè, irin wà nísàlẹ̀, omi lásán á jẹ wọ́n. Fi fáánù oníná kan kún ti tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fojú burúkú wò ọ́, ó ṣeé tú kúrò. Ọ́ìlì 20W-50 tó dára ló bá ojú ọjọ́ wa mu. Tan án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí o wo abẹ́rẹ́: bó bá gbóná tí ọkọ̀ ń sáré, ó yẹ kó dúró lórí 3. Lọ pààrọ̀ ọ́ìlì náà lẹ́yìn kìlómítà 500, láìka bó ṣe mọ́ tó. Òwúrọ̀ Àìkú ni kí o kọ́kọ́ gbé e gba Third Mainland, kìlómítà 11 ó lé, kò sí go-slow. Má sáré kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbé e sókè, gbé e wálẹ̀, kí ríìngì lè jókòó.

Ọmọ_Ládípọ̀

Ó dáa, mo ti gbà. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ń wá kíráńkì mìíràn lẹ́yìn tí ti yín bá kọ 0.50, mo mọ ẹnì kan ní Owódé Onírin tó ní ẹ̀yà ara W108 kan nílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá 280 SE ni tàbí 250, ẹ ní kó ka nọ́ńbà ara búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Bí kò bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 130, ẹ má lọ.

SìsíÈbúté

@Àkàndé_Súúlérè Ẹ jẹ́ kí n rà á pọ̀ pẹ̀lú ti àwọn méjì míì tó wà nílẹ̀, owó òfúrufú á dínkù. Ẹ fi àmì òbáṣáìsì písítìn náà ránṣẹ́ sí mi, 87 mm, kí ẹ sì fi fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tẹ̀ lé e. Bẹ́árìn, mo máa dúró de ìròyìn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ̀ kíráńkì. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa fi àṣẹ ìrajà ránṣẹ́.

Àkàndé_Súúlérè

Mo ti fi ránṣẹ́ sí àpótí yín, Sìsí. Kíráńkì ń wọ ẹ̀rọ lọ́la.